Èsì: Ìgbà wo ni ìwọ́de ń di ìjàǹgbara ará ìlú?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ṣé gbogbo ìwọ́de la lè pè ní ìjàǹgbara, ìyẹn ìjà àjùmọ̀jà tí ará ìlú ń bá a lọ fún ìgbà pípẹ́. Rárá o. Ìwọ́de ọjọ́ kan, tí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ tó sì parí síbẹ̀, kò tíì débẹ̀.

Ẹ wo àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta láyé ìjọba òyìnbó. Ohun kan ló ń dùn wọ́n: owó orí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn. Ṣùgbọ́n ìrora nìkan kò tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ di "àwa" kan ṣoṣo, ibẹ̀ ló sì máa ń le jù. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ló kọ́kọ́ wà. Ní 1946 ló di ẹgbẹ́ tẹrú-tọmọ, táwọn ìyá ọlọ́jà kún inú rẹ̀. Funmilayo Ransome-Kuti, aṣáájú wọn, bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá, Yorùbá ló sì ń sọ nípàdé. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kùnà: aṣáájú ń sọ èdè tí ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọ́.

Ọ̀nà ìjà kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀hónú, wọ́n kọ̀ wọn ò sanwó orí, wọ́n sùn síwájú ààfin ní 1947, wọ́n ń fi orin bú Aláké, ọba Ẹ̀gbá tí ìjọba ń tipasẹ̀ rẹ̀ gba owó orí náà. Nígbà tí ìjọba fòfin de ìwọ́de, àwọn obìnrin náà ní ìgbafẹ́ làwọn ń ṣe.

Ìfaradà ńkọ́? Oṣù kìíní 1949 ni Aláké Adémọ́lá Kejì tó fi ìtẹ́ sílẹ̀.