Ẹ Má Fi Ẹnu Ọ̀rẹ́ Ra Ilé ní Texas

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Bowie ní Prince George's County, Maryland, ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti kó lọ sí Fort Bend County ní Texas kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní wọn kì í yọ owó orí nínú owó oṣù níbẹ̀, pé owó ilé kótópó tí a wà yìí á ra ààfin lọ́hùn-ún. Ọkọ mi ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ́kàn, ṣùgbọ́n àyà mi ń já. Kí ni ká yẹ̀ wò nípa káńtì kan kí a tó kó lọ síbẹ̀? Ẹ rántí pé ìyá ọkọ mi ń bọ̀ wá bá wa gbé. *Ìyá Dàmọ́lá, Bowie.*

ÌDÁHÙN: Ìyá Dàmọ́lá, ọ̀rẹ́ yín ò purọ́. Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù. Ní Maryland, ẹ ń san ti ìpínlẹ̀, ẹ sì tún ń san ti káńtì tó lé ní 3% lé e lórí. Ibi tí ọ̀rẹ́ yín ti gé ọ̀rọ̀ kúrú ni pé ní Texas, ilé ni wọ́n ń di ẹrù náà lé. Owó orí ilé ni ilé ìwé àti káńtì fi ń gbọ́ bùkátà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń tì mí lójú. Ní 2018, mo ra ilé tuntun kan ní $260,000 nítòsí Richmond, ìlú tí olú ìjọba Fort Bend wà. Báńkì ní $1,640 ni n óò máa san lóṣù. Mo jó, mo yọ̀. Nígbà tó yá, lẹ́tà dé: $2,800! Mo rò pé wọ́n ṣì mí pe ẹlòmíràn ni. Wọn ò ṣì mí pè. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún ni wọ́n fi ń díye lé ilé ní Texas, lọ́jọ́ yẹn lọ́dún tí mo rà á, ilẹ̀ lásán ni ilé mi ṣì jẹ́. Owó orí ilẹ̀ lásán ni báńkì fi ṣe ìṣirò fún mi. Nígbà tí wọ́n wá díye lé odindi ilé, owó orí fi bíi $590 fò sókè lóṣù. Báńkì tún ní kí n dá gbèsè ọdún tó kọjá padà sínú escrow, ìyẹn àpò tí wọ́n ń kó owó orí àti ínṣọ́ránsì sí, nǹkan bí $590 mìíràn lóṣù fún ọdún kan gbáko. Lẹ́yìn ọdún yẹn ló tó rọlẹ̀ sí bíi $2,230. Ẹ̀jẹ́ńtì tó tà á fún mi ò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sì bèèrè.

Nítorí náà, ẹ má bèèrè iye owó orí Fort Bend. Kò sí iye kan ṣoṣo tó kárí ibẹ̀. Àdírẹ́sì ni kí ẹ bèèrè. Láàárín káńtì kan náà, ilé méjì tí títì kan ṣoṣo pín níyà lè máa san owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé àjọ ilé ìwé tó ń gba owó lọ́wọ́ wọn yàtọ̀, tí ọ̀kan sì wà nínú MUD. MUD ni àjọ tó ń ya owó ṣe páìpù omi, kòtò ìdọ̀tí àti ojú àgbàrá fún àdúgbò tuntun. Àwọn onílé ló ń fi owó orí san gbèsè náà. Bí gbèsè ṣe ń tán lọ tí ilé sì ń pọ̀ sí i ni owó rẹ̀ sábà máa ń dín kù, nítorí náà àdúgbò tó ti pẹ́ díẹ̀ máa ń tuni lára ju èyí tí bírikì rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ẹ wo àdírẹ́sì náà lórí ìkànnì Fort Bend Central Appraisal District, àjọ tó ń díye lé ilé níbẹ̀. Ẹ ṣe àròpọ̀ gbogbo àjọ tó ń gba owó níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ $2.80 lórí $100, ilé $380,000 á san $10,640 lọ́dún kí wọ́n tó yọ ohunkóhun kúrò, ìyẹn bíi $887 lóṣù, láìtíì fọwọ́ kan owó ilé gan-an.

Wọ́n máa ń yọ díẹ̀ kúrò o. Ilé tí ẹ bá ń gbé fúnra yín, wọ́n á yọ $140,000 kúrò nínú iye tí wọ́n fi ń ṣírò owó orí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀dínwó náà. Ọ̀fẹ́ ni, bí ẹnikẹ́ni bá kọ lẹ́tà pé òun á bá yín kọ ọ́ gbowó, ẹ ju lẹ́tà náà sí pàǹtí.

Ọ̀rọ̀ omi wá ni ó máa ń dẹ́rù bà mí jù. Nígbà tí ìjì Harvey dé ní oṣù kẹjọ 2017, adágún Barker tí àwọn ológun ẹnjiníà ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1945 kún, omi sì wọ inú ilé àwọn èèyàn ní Cinco Ranch àti Canyon Gate, nínú Fort Bend níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé àyè tí omi adágún lè tẹ́ dé ni wọ́n kọ́lé sí. Ó wà lára àwòrán ilẹ̀ àwọn àdúgbò kan, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ta ló ń ka àwòrán ilẹ̀? Láti 2019, òfin Texas ti mú un ní dandan kí ẹni tó ń ta ilé kọ ọ́ sílẹ̀ bí omi bá ti wọ ilé náà rí àti bí ó bá wà ní àyè adágún. Ẹ gba ìwé yẹn kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ wo máàpù omíyalé ti FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìjábá, pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọkàn tẹ̀ ẹ́ tán: ọ̀pọ̀ ilé tí Harvey bàjẹ́ kò sí níbi tí wọ́n sàmì ewu sí lórí máàpù. Ínṣọ́ránsì ilé lásán kì í san owó omíyalé. Ti omíyalé tí ìjọba ń tà lọ́tọ̀ kì í sì í sanwó ju $250,000 lọ lórí ilé, ó sábà máa ń gba ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgbà tí ìjì bá ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ti bọ́.

Lórí iye ilé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi «ilé ti gbówó lórí» kó yín láyà jẹ. Bí ilé ńlá bá pọ̀ nínú èyí tí wọ́n tà lọ́dún yìí, ìpíndọ́gba iye ilé á gòkè láìjẹ́ pé ilé kankan gbówó lórí. Àkójọ iye ilé ti FHFA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ètò owó ilé, ni mo fẹ́ràn, nítorí pé ilé kan náà tí wọ́n tún tà ni wọ́n ń fi wé ara rẹ̀.

Ìgbésí ayé? Ọkọ̀ ojú irin Largo ti mọ́ yín lára. Kò sí irú ẹ̀ ní Fort Bend. Bọ́ọ̀sì káńtì ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sí Texas Medical Center, ọgbà àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Houston, lọ́jọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ọ̀sán ló wà fún, kì í ṣe nọ́ọ̀sì alẹ́. Ẹ wa ọkọ̀ gba ọ̀nà ibẹ̀ fúnra yín ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ sì ka iye tóògéètì tí ẹ kọjá. Ti ìyá ọkọ yín ńkọ́? Ìyá tí kò lè wa ọkọ̀ á jókòó sílé látàárọ̀ dalẹ́ ní àdúgbò tí kò sí ọjà tí ẹsẹ̀ lè rìn dé. Mo ti rí ìyá kan tó béèrè tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ lọ́sẹ̀ kẹta. Ẹ lọ ní oṣù kẹjọ tí ooru mú, kí ẹ rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé náà lọ sí ọjà tó súnmọ́ ọn jù. Bí ẹ̀yin tí ẹ ṣì lágbára bá padà ní ìdajì ọ̀nà, ẹ ti mọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ háyà ilé fún ọdún kan kí ẹ tó rà. Ọkọ yín á kùn. Ẹ jẹ́ kó kùn.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ kúrò ní Chicago lọ sí káńtì kan tí wọ́n ní àìríṣẹ́ṣe ò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Ṣé ìyẹn ò tó? *Bàbá Ìbejì.*

ÌDÁHÙN: Kò tó, sà. Iye àìríṣẹ́ṣe káńtì ń ka àwọn tó ń *gbé* níbẹ̀, kódà bí iṣẹ́ wọn bá wà ní káńtì mìíràn. Káńtì tí ẹ ń sọ lè jẹ́ ibùsùn lásán, kí ó má ní iṣẹ́ ní abẹ́ òrùlé rẹ̀. Àkójọ QCEW ti Bureau of Labor Statistics, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ló ń ka iṣẹ́ síbi tí iṣẹ́ wà. Ẹ wo irú iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín pé: bí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn bá ti ilẹ̀kùn, ta ni yóò ra ilé mi? Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sọ orúkọ káńtì náà.