Ìwé ni kó o kọ́kọ́ bèèrè kó o tó sanwó tírélà sójà

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè ẹ. O ní o fẹ́ ra M1101, tírélà táwọn sójà Amẹ́ríkà máa ń so mọ́ Humvee, jíìpù ńlá tí wọ́n fi ń jagun, kó o máa fi pickup ẹ fà á tó o bá ń kó àga àti kánópì lọ síbi òde, o wá ń bèèrè bóyá iná rẹ̀ máa bá ti pickup mu. Màá dé bẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ta ló wà lórí ìwé tírélà yẹn? Torí ibẹ̀ lojú mi ti rí màbo.

Ọwọ́ ẹnì kan tó máa ń ra ẹrù sójà tún tà ni mo ti ra tèmi. Ó ní kí n má mikàn, pé rìsíìtì ti tó. Kò tó o! Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní SF-97, òun nìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ń yọ̀ǹda ọkọ̀ fún ẹni tó kọ́kọ́ rà á, òun náà lo sì máa fi gba ìwé tìẹ. Lórí tèmi, orúkọ ẹlòmíì ló wà níbẹ̀, kì í tiẹ̀ ṣe orúkọ ẹni tó tà á fún mi, ìyẹn náà rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì ni, kò sì yí orúkọ orí ìwé padà. Mo gbé e dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀ níbi tí mò ń gbé, obìnrin tó wà ní kántà ní òun ò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, kí n lọ mú title wá, ìwé tó ń fi hàn pé ẹnì kan ló ni ọkọ̀. Title wo? Sójà ló ni ín, ibo ni sójà ti ń gba title? Ìwé tí ìjọba tiwọn fúnra ẹ̀ tẹ̀, wọn ò mọ̀ ọ́n! Mo tún padà lọ́sẹ̀ kejì, ẹlòmíì ló wà lórí ìjókòó, òun ní kí n lọ ya fọ́tò àwo irin kékeré tí nọ́ńbà wà lára ẹ̀, mo délé mo rí i pé wọ́n ti kun ọ̀dà bò ó pátápátá, ni mo bá mú grinder mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á láì bo imú. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wúkọ́. Jọ̀ọ́, ọ̀dà yẹn kì í ṣe ọ̀dà lásán, CARC ni wọ́n ń pè é, wọ́n ṣe é kí kẹ́míkà olóró ojú ogun má lè wọ ara ẹ̀, eruku ẹ̀ àti èéfín ẹ̀ tí iná wẹ́dà bá kàn án burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Má ṣe ohun tí mo ṣe.

Oṣù méje ni mo fi ń lọ tí mò ń bọ̀. Ìgbẹ̀yìn wọ́n ní kí n lọ ra bọ́ǹdì lọ́dọ̀ àwọn adójútòfò, kó lè jẹ́ pé tí ẹnì kan bá yọjú pé òun ló ni tírélà, owó wà nílẹ̀ fún un. Oṣù méje, wọn ò lè sọ̀yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́!

Bàbá òyìnbó kan ládùúgbò wa ló là mí lọ́yẹ̀ nípa bọ́ǹdì yẹn kí wọ́n tó sọ ọ́. Òun ní tírélà jíìpù kékeré tí bàbá ẹ̀ rà lẹ́yìn ogun Hitler, nígbà tí War Assets Administration tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946 ń ta ẹrù ogun tó ṣẹ́ kù, tí wọ́n ń fún àwọn tó ti ogun dé láǹfààní láti rà ṣáájú. Igi ìdáná ló ṣì ń fi kó. 500 pọ́n-ùn ni ẹrù tí wọ́n ṣe é fún, omi ò sì lè wọnú ẹ̀, ó lè léfòó bí ọkọ̀ ojú omi, ìdí nìyẹn tí ihò tó ní ìdérí fi wà nílẹ̀ ẹ̀ kí omi òjò lè rí ibi gbà jáde. Ìwé tí wọ́n fi ta tírélà yẹn fún bàbá ẹ̀, ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ dòní.

Nǹkan míì, táyà. Rím Humvee jẹ́ apá méjì tí wọ́n fi bóòtì dè pọ̀. Kì í ṣe bóòtì tó dè é mọ́ tírélà ni mò ń sọ o, àwọn tó de rím mọ́ra ni. Tí afẹ́fẹ́ bá ṣì wà nínú ẹ̀ tẹ́nì kan tú u, ó lè pa onítọ̀hún. Tú afẹ́fẹ́ tán pátápátá kọ́kọ́. Rím náà sì jẹ́ ínṣì 16.5, fọ́kanáísà kan fẹ́ fi táyà 16 sí tèmi, mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, irú ẹ̀ máa ń bẹ́ tí wọ́n bá ń fún un láfẹ́fẹ́ ni.

Iná tó o bèèrè, 24 volt ni tiwọn, 12 ni ti pickup, ẹnu wáyà wọn náà yàtọ̀. Mo tú gbogbo ẹ̀ mo gbé LED 12 volt sí i, kò le. Òrùka ló fi ń so mọ́ ọkọ̀, kì í ṣe bọ́ọ̀lù, nítorí náà wàá ra pintle, ìkọ́ irin tí òrùka yẹn máa kọ́. Bíréèkì ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ tó bá ti ti ọkọ̀ níwájú, kò nílò wáyà. Ẹrù ẹ ò gbọdọ̀ ju 1,940 pọ́n-ùn lọ, irin kánópì sì wúwo, M1102 tó jọ ọ́ bí ìbejì ló ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ka ohun tó wà lára àwo irin yẹn.

Ya fọ́tò SF-97 yẹn fún mi wò kó o tó sanwó. Tí ẹni tó ń tà á bá ní òun á fi ránṣẹ́ tó bá yá, má san kọ́bọ̀.