Báàsì ni kí ẹ tẹ̀ lé nínú Barton Hall

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ àwo eré tí Grateful Dead, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ará Amẹ́ríkà, ṣe ní Barton Hall, Yunifásítì Cornell, 8 May 1977, tí ẹ ní gìtá tó ń rìn gbéregbère láìdélé nìkan lẹ rí níbẹ̀: ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ló fà á. Orin kúkúrú ló pọ̀ jù ní apá kìíní eré náà, àfi "Dancing in the Street" tó kẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fo apá kìíní yẹn. Apá kejì ni kí ẹ lọ, níbi tí "Scarlet Begonias" ti yọ́ wọnú "Fire on the Mountain". Àpapọ̀ àwọn méjèèjì ju ìṣẹ́jú 25 lọ.

Ẹ má fi sípíkà fóònù gbọ́ ọ. Okùn tó nípọn jù lára báàsì, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, ń gbọ̀n bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, sípíkà kékeré kò sì lè gbé ohùn tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Báàsì Phil Lesh á pòórá, gìtá Jerry Garcia á wá dà bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. Mo fura pé ìyẹn gan-an lẹ gbọ́. Earpiece tó dí etí pinpin ni kí ẹ lò. Bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọlé, báàsì ló kọ́kọ́ ń sá. Ẹ pa shuffle tó ń da ètò orin rú, kí ẹ sì gbé crossfade, èyí tó ń fi ìparí orin kan bo ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, sí 0, torí òun ló ń bo ìsopọ̀ orin méjèèjì mọ́lẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lákọ̀ọ́kọ́, báàsì nìkan: Lesh kì í jókòó sídìí kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan), orin tirẹ̀ ló ń kọ. Lẹ́yìn náà, gìtá Bob Weir. Kì í ṣe omele tó ń tún ohun kan náà sọ. Àlàfo tí Garcia bá fi sílẹ̀ ló ń há kọ́ọ̀dù sí, nígbà míì á kàn dákẹ́. Ìgbà kẹta ni kí ẹ tó tẹ̀ lé Garcia. Kọ́ọ̀dù méjì péré, B àti A, ló gbé "Fire" ró, orí B náà sì ni "Scarlet" ti ń jó bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ní rí ojú ìránṣọ.

Ẹ̀dà tí Betty Cantor-Jackson, agbohùnsílẹ̀ ẹgbẹ́ náà, gbà láti orí míṣà (ẹ̀rọ tó ń po ohùn gbogbo wọn pọ̀) ni kí ẹ wá, òun ló jáde ní 2017. Èyí tí òǹwòran gbà nínú gbọ̀ngàn dùn fún ẹni tó ti mọ orin náà, kò dáa fún ẹni tó ń kọ́ ọ.

Bí ẹ bá dé orin "Morning Dew" ní apá kejì náà, ẹ má yí ohùn sókè níbi tó rọlẹ̀. Garcia á bẹ̀rẹ̀ sí í gbo okùn gìtá kíákíá, gbogbo wọn á gòkè pọ̀, ẹni tó ti yí i sókè á fọwọ́ bo etí.