Báwo ni mo ṣe lè fi oúnjẹ kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ láàrin àyípadà ìrísí àti àyípadà kẹ́míkà?

Iyọ̀ àti ṣúgà ti tó. Ẹ ní kí ọmọ ro iyọ̀ sínú omi títí kò fi ní rí i mọ́, kó sì tọ́ ọ wò. Ẹ da omi náà sínú abọ́ pẹrẹsẹ, ẹ gbé e sóòrùn. Tí omi bá gbẹ, iyọ̀ á tún hàn: ìrísí nìkan ló yí padà. (Ẹ má fi ṣúgà ṣe tibí o, èèrà ò ní jẹ́ kó gbẹ.)

Ẹ wá da ṣúgà gbígbẹ sínú páànù lórí iná. Á yọ́, á pọ́n bí oyin, òórùn rẹ̀ á yàtọ̀. Tó bá pẹ́ jù, á dúdú, á sì korò. Ooru ti sọ ọ́ di èròjà mìíràn. Ó ń gbóná kọjá 160°C, nítorí náà àgbàlagbà ni kó di páànù mú.

Ẹ má kàn sọ fún wọn pé “èyí tí kò ṣeé dá padà ni kẹ́míkà”. Ata lílọ̀ kò ṣeé dá padà, síbẹ̀ ata náà ni. Ìbéèrè tó yẹ ni: ṣé nǹkan tuntun ti dé? Ní ti ògì tó kan, bẹ́ẹ̀ ni: àwọn kòkòrò àìfojúrí ti sọ ṣúgà inú àgbàdo di ásíìdì.