Ilẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yàn: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé Wa Lórí Ìpàgọ́ ní Amẹ́ríkà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ìlú Bowie ní ìpínlẹ̀ Maryland ni èmi àti baálé mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Àkọ́bí wa ti pé ọdún 13, èyí tó tẹ̀ lé e wà ní kíláàsì kẹrin, àbíkẹ́yìn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin ni. Wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ pé wọ́n ń sùn nínú àgọ́ létí òkun àti lórí òkè, wọn ò sì jẹ́ ká gbádùn mọ́. Baálé mi ní òun ò lè sùn nílẹ̀, ó fẹ́ ká háyà RV, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ibùsùn àti ilé ìdáná nínú. Èmi ní tèmi rò pé àgọ́ ni yóò dín ìnáwó kù, láti ìgbà tí yìnyín sì ti yọ́ ni mo ti ń wo àgọ́ ní ilé ìtajà. Níbo ni kí á lọ, kí sì ni kí á yẹ̀ wò kí á tó sanwó? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ojú rere ni wọ́n fi ń wo àwa aláwọ̀ dúdú níbẹ̀? Mi ò mọ ẹnì kan nínú ìjọ wa tó lọ rí.
Abilékọ kan, Bowie, Maryland

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ ní ẹ ti ń wo àgọ́ ní ilé ìtajà; ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ìyẹn dúró ná. Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn. Ilẹ̀ tí ẹ bá yàn ni yóò sọ irú àgọ́ tí ẹ máa rà, òun náà ni yóò sì sọ bóyá ọkọ̀ tí baálé yín ń fẹ́ yóò rí ọ̀nà gbà wọlé.

Bí Yorùbá bá gbọ́ kámpù, ilẹ̀ àdúrà ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn, pẹ̀lú gbọ̀ngàn ńlá, ilé ibùsùn àti iná jẹnẹrétọ̀. Ibùdó ìpàgọ́ ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí èyí. Ṣe ni wọ́n máa ń pín ilẹ̀ náà bí ẹni pín plọ́ọ̀tì, wọ́n á fún àyè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, wọ́n á gbé tábìlì àti bẹ́ǹṣì kan síbẹ̀, wọ́n á ri òrùka irin ńlá kan mọ́lẹ̀ tí ẹ máa dá iná sí, wọ́n á sì fi ibi tí ẹ máa gbé ọkọ̀ sí hàn yín. Ohun tó bá kù ju ìyẹn lọ, ọwọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ ló wà. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ti inú àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè àti ti inú igbó ọba, ìjọba ìpínlẹ̀ ní tirẹ̀, àwọn oníṣòwò sì ni wọ́n ni ìyókù, irú bíi ilé iṣẹ́ KOA (Kampgrounds of America) tó bẹ̀rẹ̀ nílùú Billings ní ìpínlẹ̀ Montana lọ́dún 1962. Lójú tèmi, ti ìjọba àpapọ̀ ló máa ń sún mọ́ ohun àrà tí Ọlọ́run dá jù, òun náà sì ni ohun ìrọ̀rùn rẹ̀ máa ń kéré jù.

Lórí erékùṣù Assateague ní ìpínlẹ̀ yín níbẹ̀ ni ẹ ti lè fojú ara yín rí ìyàtọ̀ yìí. Erékùṣù tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó nà láti ìsàlẹ̀ Ocean City títí wọ ilẹ̀ Virginia, àwọn ẹṣin ìgbẹ́ sì ń rìn kiri lórí yanrìn rẹ̀. Ibùdó méjì ló wà nítòsí ara wọn níbẹ̀: ti ìjọba àpapọ̀, tó wà nínú etí òkun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dún 1965, àti ti ìjọba Maryland. Ní ti ìjọba àpapọ̀, omi tútù ni ẹ máa fi wẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ kò ní omi tí ń ṣàn, kò sì sí ibi tí ẹ ti lè so RV mọ́ iná. Ní ti ìpínlẹ̀, balùwẹ̀ olómi gbóná wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi wà, àwọn àyè kan sì ní iná. Òkun kan náà ni àwọn méjèèjì kọjú sí, ẹṣin kan náà ló sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin tí ọmọ ọdún mẹ́rin wà lọ́wọ́ yín, ti ìpínlẹ̀ ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ mú.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, èèkàn wẹ́wẹ́ tó bá àgọ́ wá láti ilé ìtajà ni mo kàn mọ́lẹ̀. Yanrìn kì í di èèkàn kékeré mú. Ní nǹkan bí aago méjì òru, afẹ́fẹ́ òkun fẹ́ wọ abẹ́ àgọ́, mo sì ń gbọ́ bí àwọn èèkàn náà ṣe ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa ẹ̀gẹ́ tu nínú ilẹ̀ tó rọ̀. Èmi àti ìyàwó mi la jókòó lé etí aṣọ àgọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, tí àwọn ọmọ ń sunkún láàárín wa. Èèkàn gígùn ti orí yanrìn, èyí tó tó 18 íńṣì, ni kí ẹ mú lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má tíì ra àgọ́: èyí tó bá òkun mu gbọ́dọ̀ lè gba afẹ́fẹ́ sára, ti orí òkè sì lè jẹ́ irú mìíràn. Kò sí igi tó ń ṣíji bo àwọn àyè ẹ̀gbẹ́ òkun, nítorí náà ẹ mú tapólì àti òpó rẹ̀ dání. Ẹ̀fọn ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ láti àárín oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹwàá, pàápàá ní apá tó kọjú sí ọ̀sà. Ní ti ẹṣin, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jìnnà sí wọn tó 40 ẹsẹ̀ bàtà, kí ẹ sì ti oúnjẹ mọ́ inú ọkọ̀. Mo fojú mi rí èyí tó fi imú gbé ìdérí kúlà sókè, tó sì kó búrẹ́dì jáde pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé òkè ló wù yín, ọgbà orílẹ̀-èdè Shenandoah ní Virginia kò jìnnà. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní Front Royal tó nǹkan bíi 75 máìlì sí Washington. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí baálé yín gbọ́ mi. Skyline Drive, tó jẹ́ 105 máìlì, ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó la ọgbà náà já, ó sì gba inú àpáta kọjá ní Marys Rock. Gíga ihò àpáta náà kò ju 12 ẹsẹ̀ bàtà àti 8 íńṣì lọ. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé ọkọ̀ èyíkéyìí, ẹ béèrè gíga rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lórí rẹ̀, nítorí àwọn mìíràn kò ní lè kọjá. Kò sí ibùdó kankan nínú ọgbà náà tí ẹ ti lè so ọkọ̀ mọ́ iná tàbí mọ́ omi, wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ ni wọ́n sì gbà kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n ibùdó Big Meadows nínú ọgbà náà ga ju 3,500 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ó sì máa ń tutù ju àfonífojì lọ ní nǹkan bí ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, débi pé ẹni tó sùn síbẹ̀ nínú oṣù Keje lè má rántí ẹ̀rọ amúlétutù. Béárì dúdú wà nínú igbó náà. Ẹja gbígbẹ, ìkòkò ọbẹ̀ tí ẹ kò tíì fọ̀, ọṣẹ ìfọyín àti ìpara ọmọ, gbogbo rẹ̀ ni ó ń gbọ́ òórùn wọn, ẹ má sì gbé ìkankan nínú wọn wọ inú àgọ́. Inú ọkọ̀ tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ni ipò wọn.

Ọmọ yín tó wà ní kíláàsì kẹrin ní ẹ̀tọ́ kan tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Lábẹ́ ètò Every Kid Outdoors, ó lè gba ìwé ìwọlé ọ̀fẹ́ tí yóò mú gbogbo ilé tó bá a wọkọ̀ wọ àwọn ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ títí di ìparí oṣù Kẹjọ. Kò kan owó ìsùn, ẹnubodè nìkan ló kàn.

Ní ti àwọ̀ wa, ẹ kò ṣi ìbéèrè bi. Lọ́dún 1935 tí wọ́n dá Shenandoah sílẹ̀, ìyasọ́tọ̀ dúdú àti funfun ti Virginia bá a wọlé. Lọ́dún 1939 wọ́n ya ibùdó Lewis Mountain nínú ọgbà náà sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì gbé pátákó tó sọ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀. Ó di ọdún 1950 kí ìyasọ́tọ̀ náà tó tán pátápátá nínú ọgbà. Lewis Mountain ṣì wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀yà ló sì ń pàgọ́ síbẹ̀ báyìí. Mo ti mú àwọn ọmọ mi dúró lórí ilẹ̀ náà, mo sì sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn, ó sì dùn mọ́ mi pé wọ́n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ilẹ̀ ìjọba ni mo rò pé ọkàn yín yóò balẹ̀ sí jù, nítorí pé alábòójútó tó wọ aṣọ iṣẹ́ máa ń lọ yíká ibẹ̀, ẹ sì mọ ẹni tí ẹ máa pè bí ẹnikẹ́ni bá yọ yín lẹ́nu.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yan ibùdó, ó kù kí ẹ yan àyè. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ẹ máa ti rí àwòrán àyè kọ̀ọ̀kan. Ti ìjọba àpapọ̀ wà lórí Recreation.gov, púpọ̀ nínú wọn sì ti máa ń ṣí sílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ. Bí àyè òpin ọ̀sẹ̀ bá ti tán, ẹ wo láti ọjọ́ Àìkú sí Ọjọ́rú. Ẹ má sún mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jù, ẹ má sì jìnnà sí i ju ibi tí ọmọ kékeré lè rìn dé lóru. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ gbójú sókè kí ẹ tó ta àgọ́, kí ẹ rí i pé kò sí ẹ̀ka gbígbẹ lókè orí yín.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti omi. Àyè etí odò ló máa ń wu ènìyàn nínú àwòrán. Ní òru ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2010, odò Little Missouri kún dé ibùdó Albert Pike ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ó ga ju 20 ẹsẹ̀ bàtà lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ènìyàn 20 ló sì kú síbẹ̀. Oorun ni omi náà ká ọ̀pọ̀ wọn mọ́. Bí ẹ bá rí ibùdó tó wà nísàlẹ̀ àfonífojì láàárín òkè méjì, tí fóònù kì í mú síbẹ̀, kí odò rẹ̀ dára tó báyìí, ẹ wá àyè tó ga, kí ẹ sì mọ ọ̀nà tí ẹ máa fẹsẹ̀ gbà gòkè nínú òkùnkùn.

Ẹ̀yin mẹ́fà ni iye tí ọ̀pọ̀ ibùdó ìjọba ń gbà sí àyè kan gan-an. Bí ìyá àgbà bá fẹ́ bá yín lọ, ẹ ní láti gba àyè kejì. Tí ẹ bá bi mí, ibùdó ìpínlẹ̀ ní Assateague, òru méjì péré, àgọ́ tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹnìkan tàbí tí ẹ háyà, àti bẹ́ẹ̀dì kíká kan fún baálé yín kó má bàa sùn nílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: A háyà RV ńlá kan, a sì lọ sí ibùdó oníṣòwò kan nítòsí Houston. Gbogbo ìgbà tí ìyàwó mi bá fẹ́ gbé oúnjẹ gbóná nínú makroweefu, iná á lọ. Alábòójútó ní ọkọ̀ wa ló fa á. Ṣé òótọ́ ni?
Bàbá ìbejì kan, Houston, Texas

ÌDÁHÙN: Ẹ kú wàhálà, bàbá ìbejì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àyè tí iná rẹ̀ jẹ́ 30 ámpù ni ẹ gbà fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún 50. Iná 30 ámpù ní 120 fóltì, 3,600 wáàtì ni gbogbo agbára rẹ̀. Ti 50 ámpù ní wáyà méjì tó ń gbé iná wá, àpapọ̀ rẹ̀ sì tó 12,000. Amúlétutù méjì nìkan ti gba púpọ̀ nínú 3,600 yẹn, bí ẹ bá wá fi makroweefu lé e, àfi kí ó já. Ọkọ̀ yín kò ṣẹ̀, ilẹ̀ tí ẹ gbà ni kò tó o. Kí ẹ tó sanwó lọ́jọ́ mìíràn, ẹ wo ẹnu wáyà ọkọ̀ náà: onímú mẹ́ta ni ti 30, onímú mẹ́rin ni ti 50.

Ẹ béèrè bóyá àyè náà ní ojú ihò ìdọ̀tí tirẹ̀ tàbí ibì kan ṣoṣo ni gbogbo èrò ti ń da ti wọn nù, ẹ wọn gígùn ọkọ̀ yín mọ́ èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè bóyá ẹ máa fi ẹ̀yìn wọlé ni tàbí ẹ máa wọ̀ ọ́ gba iwájú jáde. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wa ọkọ̀ ńlá, èyí tí ẹ lè gba iwájú jáde ni kí ẹ wá, ì báà tiẹ̀ wọ́n jù. Ní Texas, àyè abẹ́ igi tún ń dín iṣẹ́ amúlétutù kù. Ọgbà ìpínlẹ̀ Brazos Bend kò jìnnà sí yín, ó ní àyè oníná àti olómi lábẹ́ igi, ṣùgbọ́n ọ̀nì wà nínú àwọn adágún rẹ̀, nítorí náà ẹ di àwọn ìbejì lọ́wọ́ mú.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè kó igi ìdáná láti ẹ̀yìnkùlé wa lọ sí ibùdó? Bí òjò bá sì rọ̀, ṣé mo lè gbé èédú wọ inú àgọ́?
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Philadelphia

ÌDÁHÙN: Ẹ má kó igi láti ilé. Kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tó ń pa igi ash, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Michigan lọ́dún 2002, ti tàn kálẹ̀ gan-an nítorí igi ìdáná tí àwọn arìnrìn-àjò ń kó kiri, ọ̀pọ̀ ibùdó sì ti ka irú igi bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ẹ ra tiyín nítòsí ibẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀. Ní ti èédú, rárá o. Èédú tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ tí kò rú èéfín mọ́ ṣì ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí imú kò lè gbọ́ jáde, ó sì lè pa ẹni tó ń sùn kó tó jí. Bí òjò bá rọ̀, ẹ ta tapólì síta, kí ẹ dáná lábẹ́ rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ẹ sì fi èédú náà sílẹ̀ níta bí ẹ bá ń wọlé lọ sùn, àní lẹ́yìn tí ẹ bá ti da omi sí i.