Èsì: Ṣé ìjà Yorktown nìkan ló sọ Amẹ́ríkà di orílẹ̀-èdè?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ṣé ìjà Yorktown ọdún 1781, níbi tí Amẹ́ríkà ti ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun òmìnira wọn, nìkan ló sọ Amẹ́ríkà di orílẹ̀-èdè. Lójú tèmi, rárá o. Ìjà Saratoga ní 1777 ló yí nǹkan padà. Ọ̀gágun Burgoyne ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì juwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tó lé ní 5,000, ni ọba Faransé bá rí i pé àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ṣọ̀tẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì yìí lè borí. Nígbà tó fi di oṣù Kejì 1778, Faransé àti Amẹ́ríkà ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn láti jọ jà. Ọkọ̀ ogun Faransé ló sì dínà ojú omi mọ́ Cornwallis, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, ní Yorktown.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ ni gbèsè. Ogun parí, àpò ìjọba gbẹ, ìjọba àpapọ̀ kò sì láṣẹ láti gba owó orí. Ní 1786, àwọn àgbẹ̀ Massachusetts dìde ọ̀tẹ̀ nítorí gbèsè àti owó orí ìpínlẹ̀ wọn. Àwọn kan nínú wọn ti ja ogun òmìnira náà o! Ìpayà yẹn wà lára ohun tó sáré kó àwọn aṣojú jọ sí Philadelphia ní 1787, tí wọ́n fi kọ òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ tuntun.

Ogun 1812 tí Amẹ́ríkà tún bá Gẹ̀ẹ́sì jà ńkọ́? Ọ̀mì ni wọ́n ta, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orin orílẹ̀-èdè wọn ti jáde.