Ìlù tó ń pariwo, àmọ́ tí kò sọ̀rọ̀ mọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní orin yín máa ń dùn lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á sílẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá ti parí mix (pípa gbogbo ohùn pọ̀ di orin kan), gángan àti ohùn á wá pẹlẹbẹ bí aṣọ tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Oníbàárà tí mo fẹ́ràn jù ló gbà lọ́wọ́ mi.

Ṣómólú ni mo wà nígbà náà, yàrá kan ni mo fi ṣe sítúdíò. Ẹgbẹ́ akọrin kan wá láti Mushin: ìyáàlù, omele, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gìtá méjì, àtàwọn elégbè. Ẹ̀rù ń bà mí pé orin wọn ò ní dún tó tàwọn ẹlòmíràn tí wọ́n bá lù ú nínú mọ́tò, ni mo bá ki compressor (ohun tó ń tẹ ibi tó pariwo mọ́lẹ̀ kí ohùn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba) bọ gbogbo nǹkan, mo tún fi limiter (èyí tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá ààlà kan) tẹ orí ẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá onílù gbọ́ ọ dé ìdajì, wọ́n ní, "Ìlù yìí ń pariwo, kò sọ̀rọ̀." Oríkì ni wọ́n fi ìlù náà kì, a ò gbọ́ ọ̀kan mọ́. Wọ́n kó iṣẹ́ wọn, wọ́n lọ.

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ọṣán ṣì ń fún, ohùn ìlù ṣì ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n ìró kọ̀ǹgọ́ lára awọ ló máa ń jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìdákẹ́ tó tẹ̀ lé e ló ń jẹ́ ká mọ ibi tó parí. Mo fi attack, ìyẹn àkókò tí compressor fi ń gbá ohùn mú, sí 1 ms (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), kọ̀ǹgọ́ ò tíì kan awọ tán tí compressor ti gbá a mú. Release, ìyẹn àkókò tó fi ń tú ohùn sílẹ̀, náà yá jù, ariwo yàrá wá ń gòkè dí àlàfo àárín ọ̀rọ̀.

Ní báyìí, fader, èyí tí a fi ń gbé ohùn sókè sódò, ni mo kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ gbé. Ibi tí akọrin bá ti rọ ohùn, mo gbé e sókè díẹ̀. Ibi tó bá ti lọgun, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ń gba wákàtí púpọ̀, ó sì ń súni, àmọ́ lẹ́yìn rẹ̀ compressor ò ní iṣẹ́ púpọ̀ mọ́: ratio 2:1 (ohùn tó bá fi 2 kọjá ààlà, 1 ló máa jáde), kó má gé ju 2 tàbí 3 dB (òdiwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó) lọ, attack 20 sí 40 ms fún ìyáàlù. Tí ẹ bá ń gbà á sílẹ̀, ẹ lo 24-bit (òdiwọ̀n bí ìgbàsílẹ̀ ṣe péye tó), kí ibi tó ga jù wà ní nǹkan bí -10 dBFS; 0 ni òpin, ohùn tó bá kọjá rẹ̀ á fọ́. Èyí tó bá ti fọ́ nígbà gbígbà, ó ti fọ́ náà nìyẹn.

Etí máa ń tan èèyàn jẹ. Ohun tó bá fi 1 dB péré ju èkejì lọ, a ó ní òun ló dùn jù. Nítorí náà, tí ẹ bá ti fi compressor sí i, ẹ dín in kù títí yóò fi bá ti tẹ́lẹ̀ dọ́gba, kí ẹ tó dájọ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo rò pé mo tún ṣe, mo ti bà á jẹ́ ni.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ó ń bo ibi tó rọ̀ nínú orin mọ́lẹ̀, ẹ̀yin náà á wá máa tẹ ibi tó ga mọ́lẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ ibi tó rọ̀. Ọjọ́ tí mo ra inverter ni mo tó gbọ́ ohun tí mo ti ń ṣe ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Ní ti ìdíje ariwo, Spotify ń fa orin wá sí -14 LUFS (òdiwọ̀n bí orin ṣe ń pariwo tó lápapọ̀), YouTube náà ń fa èyí tó bá ga jù wálẹ̀. Ẹ tẹ tiyín dé -7, wọ́n á fà á wálẹ̀ 7 dB, àbùkù tí ẹ fi sí i á ṣì wà níbẹ̀. DJ níbi ayẹyẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun náà wà lórí fader.

Lálẹ́ òní, ẹ yọ limiter kúrò lórí master (ibi tí gbogbo ohùn ti ń pàdé kó tó jáde), ẹ pa gbogbo ohun èlò yòókù, ó ku gángan nìkan. Ẹ pe ẹni tó lù ú, kó fi ẹnu sọ ohun tí ìlù ń wí fún yín láì wo ojú yín. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.